Wọ́n gbà ọ́ wọlé, ṣùgbọ́n ta ni yóò sanwó? Ìdáhùn fún ẹni tó fẹ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Jámánì

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mi. Graduate school kan ní Jámánì, ìyẹn ètò tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n mélòó kan ti jọ ń tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà, gbà mí wọlé láti ṣe oyè ọ̀mọ̀wé (PhD). Wọ́n kọ ọ́ sójú ìwé wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé DFG, àjọ tó ń fi owó ìjọba ṣètìlẹ́yìn fún ìwádìí níbẹ̀, ló ń náwó sí ètò náà, inú mi sì dùn gan-an torí mo rò pé owó oṣù mi ti délẹ̀ nìyẹn. Ìgbà tí mo ka lẹ́tà wọn dé ìsàlẹ̀ ni mo rí i pé kí n lọ fi ẹ̀rí hàn pé mo ní 11,904 yúrò kí wọ́n tó lè fún mi ní físà. Ẹ̀gbọ́n mi ní jìbìtì ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní yunifásítì mìíràn níbẹ̀ náà ti kọ̀wé sí mi pé òun ní iṣẹ́ ọdún mẹ́ta fún mi lábẹ́ òun, pẹ̀lú ìdá 65 nínú 100 owó oṣù odindi òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò sí lábẹ́ ètò kankan. Ọmọ ọdún 31 ni mí. Èwo ni kí n mú? Ṣé òótọ́ ni pé graduate school dára ju kéèyàn wà lábẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kan ṣoṣo lọ?"

Àbúrò mi, kì í ṣe jìbìtì. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ lè jẹ́ òótọ́, kí kọ́bọ̀ kan má sì sí níbẹ̀ fún ọ. Ohun tó dà á rú mọ́ ọ lójú ni pé o gbọ́ pé owó wà, o sì rò pé owó kan náà ni. Mẹ́ta ni. Owó yunifásítì wà, èyí tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń fún un lọ́dọọdún. Owó ètò wà, èyí tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kan kóra jọ lọ bèèrè lọ́wọ́ àjọ kan fún iye ọdún kan. Owó akẹ́kọ̀ọ́ wà, èyí tí yóò máa wọ àkáǹtì tìrẹ lóṣooṣù. Ètò lè lówó lọ́wọ́ kí ọ̀pọ̀ àwọn tó wà nínú rẹ̀ má rí owó gbà. Mo ti pẹ́ díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ àkóso irú ètò báyìí, lẹ́tà bíi tìrẹ sì wà lára ohun tí à ń kọ ránṣẹ́. Kò sẹ́ni tó jókòó pète pé òun fẹ́ tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ṣùgbọ́n mo gbà pé a kì í sọ ọ́ kó yéni tó: ìyàtọ̀ náà ti mọ́ ẹni tó ń kọ lẹ́tà lára débi pé kì í rántí pé ẹni tó ń kà á kò tíì gbọ́ nípa rẹ̀ rí.

Láyé àtijọ́ ní Jámánì, kò sí ohun tó ń jẹ́ iléèwé fún oyè ọ̀mọ̀wé rárá. Ẹni tó bá fẹ́ oyè náà á wá ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó máa gbà á, tí wọ́n ń pè ní Doktorvater. Á máa ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì tàbí yàrá ìwádìí ọ̀gá yìí, á máa kọ ìwé rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọ̀gá kan náà ni yóò sì ka ìwé náà tí yóò fún un ní máàkì. Kò sí kíláàsì, kò sí ìgbìmọ̀, kò sí ọjọ́ tí wọ́n dá. Bí ọ̀gá bá jẹ́ èèyàn rere tó ráyè, ọ̀rọ̀ á lọ geere. Bí kò bá ráyè, tàbí tí àárín wọn bàjẹ́, kò sí ibòmíràn téèyàn lè fẹjọ́ sùn. Ohun tí wọ́n fẹ́ tún ṣe nìyẹn nígbà tí DFG, àjọ tó tóbi jù lọ nínú àwọn tó ń fi owó ìjọba ṣètìlẹ́yìn fún ìwádìí ní orílẹ̀-èdè náà, bẹ̀rẹ̀ ètò Graduiertenkolleg ní 1990. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n mélòó kan á mú kókó ìwádìí kan, wọ́n á gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn yẹn á jọ máa gba kíláàsì, ẹnì kọ̀ọ̀kan á sì ní ju alábòójútó kan lọ. Ní 2005, àwọn yunifásítì ilẹ̀ Yúróòpù pàdé ní Salzburg, wọ́n sì fẹnu kò lórí ìlànà mẹ́wàá. Ara wọn ni pé kí oyè náà má máa gbà ju ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin lọ fún ẹni tó gbájú mọ́ ọn, kí ojúṣe alábòójútó àti ti akẹ́kọ̀ọ́ sì wà nínú àdéhùn tó hàn kedere. Ìkẹwàá, tó gbẹ̀yìn gbogbo wọn, ni pé kí owó tó tó wà, kó sì jẹ́ èyí tó máa dúró. Mo máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá rántí pé owó ni wọ́n kọ gbẹ̀yìn.

Ọdún 2005 yẹn náà ni ìjọba àpapọ̀ àti àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ Jámánì fọwọ́ sí Exzellenzinitiative, owó tabua tí wọ́n fẹ́ fi gbé àwọn yunifásítì wọn ga. Graduate school wà lára ohun tí wọ́n ń ná an lé lórí. Mọ́kàndínlógójì (39) ló rí i gbà ní ìpele àkọ́kọ́, márùndínláàádọ́ta (45) ní ìpele kejì tó bẹ̀rẹ̀ ní 2012. Iye tí wọ́n wéwèé fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìpele àkọ́kọ́ tó mílíọ̀nù kan yúrò lọ́dún. Báyìí ni orúkọ náà ṣe gbajúmọ̀. Yunifásítì tí kò ní graduate school wá ń dà bí èyí tó ti kẹ́yìn, ni kálukú bá ń dá tirẹ̀ sílẹ̀, yálà owó wà lẹ́yìn rẹ̀ o, kò sí lẹ́yìn rẹ̀ o.

Wá wo bí wọ́n ṣe ń ná owó ètò tó bá rí i gbà, torí ibí ni ìdáhùn ìbéèrè rẹ wà. Nígbà tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n bá ń bèèrè owó lọ́wọ́ DFG, wọn kì í kàn sọ pé àwọn fẹ́ mílíọ̀nù báyìí. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ iye ipò akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń wá owó fún, ká ní méjìlá, pẹ̀lú iye ìdá owó oṣù tí ipò kọ̀ọ̀kan máa gbà. Wọ́n á kọ owó alákòóso sí i, owó ìrìnnà lọ sí ìpàdé àwọn onímọ̀, owó àlejò tó máa wá kọ́ni, àti owó láti ran àwọn òbí tó ní ọmọ kékeré lọ́wọ́. DFG á fi owó díẹ̀ lé e fún yunifásítì fúnra rẹ̀, fún iná, yàrá àti iṣẹ́ ọ́fíìsì. Nígbà tí wọ́n bá fọwọ́ sí i, ipò méjìlá yẹn ló ní owó. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ètò náà lè ṣí sílẹ̀ fún ju èèyàn méjìlá lọ. Àwọn kan á wọlé pẹ̀lú sikọ́láṣíìpù tí wọ́n gbà níbòmíràn, àwọn kan á wọlé pẹ̀lú iṣẹ́ tí ọ̀jọ̀gbọ́n wọn fún wọn látinú owó mìíràn, àwọn kan á sì wọlé pẹ̀lú owó àpò ara wọn. Gbogbo wọn ló ní ẹ̀tọ́ sí kíláàsì, sí ìgbìmọ̀ tó ń tọ́ wọn sọ́nà, àti ní ọ̀pọ̀ ibi sí owó ìrìnnà díẹ̀. Gbogbo wọn kọ́ ló ní owó oṣù. Ohun tí lẹ́tà tìrẹ sọ, pẹ̀lú 11,904 tí wọ́n mẹ́nu bà, ni pé ẹgbẹ́ àwọn tó gbẹ̀yìn yìí ni wọ́n kà ọ́ mọ́ ní báyìí.

O lè bi mí pé kí ló dé tí wọ́n fi ń gba èèyàn tí wọn kò ní owó fún. Ìdí rẹ̀ pọ̀, gbogbo rẹ̀ kọ́ ló sì burú. Ní yunifásítì ìjọba, wọn kì í gba owó ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe oyè ọ̀mọ̀wé, ó kéré tán fún sáà mẹ́fà àkọ́kọ́. Owó sáà nìkan ni wọ́n ń gbà, ìyẹn kò sì pọ̀. Nítorí náà gbígba akẹ́kọ̀ọ́ kan sí i kò ná wọn ní nǹkan púpọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n nílò ẹni tó máa ṣe ìwádìí. Ètò nílò akẹ́kọ̀ọ́ láti òkè òkun, torí àwọn tó ń wá yẹ ètò wò máa ń bèèrè iye wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan sì wà tó jẹ́ pé ìjọba orílẹ̀-èdè wọn ló ń sanwó fún wọn, ìwé ìgbàwọlé nìkan ni wọ́n ń wá. Torí irú wọn ni lẹ́tà náà ṣe rí bó ṣe rí. Ohun tí mo ka sí àìdáa ni kí wọ́n kọ "DFG ló ń náwó sí i" gàdàgbà sí ojú ìwé àkọ́kọ́, kí wọ́n má sì kọ ọ́ síbì kankan pé èyí kò kan gbogbo ẹni tó bá wọlé.

Kí o sì mọ̀ pé owó ètò lọ́jọ́ tó ń parí. Graduiertenkolleg kan kò lè gba owó DFG ju ọdún mẹ́sàn-án lọ, pín sí ìpele méjì, DFG á sì tún yẹ ètò náà wò láàárín méjèèjì kó tó fọwọ́ sí ìkejì. Ti graduate school tí Exzellenzinitiative dá sílẹ̀ tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: nígbà tí Exzellenzstrategie rọ́pò rẹ̀, wọ́n yọ ìnáwó graduate school kúrò pátápátá. Àwọn kan rí ibi fara tì. Berlin Mathematical School, tí yunifásítì mẹ́ta ní Berlin jọ dá sílẹ̀ ní 2006, bọ́ sábẹ́ MATH+, ètò ìwádìí ìṣirò tí Exzellenzstrategie ń náwó sí, ní 2019. BIGSSS, graduate school fún ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ ní Bremen, ṣì ń bá iṣẹ́ lọ. Àwọn mìíràn kò rí tiwọn báyìí. Yunifásítì ní láti máa bọ́ wọn nínú owó tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń fún un, owó yẹn sì ti ní ibi tó ń lọ tẹ́lẹ̀: owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ tó wà títí, àtúnṣe ilé, iná. Ohun tó sábà máa ń kù ni alákòóso kan tàbí ààbọ̀ alákòóso, kíláàsì díẹ̀, àti orúkọ lára ilẹ̀kùn. Ipò owó oṣù fún akẹ́kọ̀ọ́ ló ń kọ́kọ́ lọ, torí òun ló wọ́n jù. Nítorí náà bí o bá rí graduate school tó gbajúmọ̀, má bèèrè bóyá owó wà rí. Bèèrè ọdún tí owó tó wà níbẹ̀ báyìí máa tán.

Ó tún kù síbì kan tí ọ̀pọ̀ kì í wò. Ká ní ìpele ìnáwó kan bẹ̀rẹ̀ ní ọdún tó kọjá, ẹni tó wọlé lọ́dún yìí ní ààyè gbọọrọ níwájú. Ẹni tó bá wọlé nígbà tí ó ku ọdún kan àbọ̀ kí ìpele náà parí, àdéhùn ọdún kan àbọ̀ ni wọ́n lè fún un pẹ̀lú ìdánilójú, ìyókù wà lọ́wọ́ ohun tí àwọn tó ń yẹ ètò náà wò bá sọ. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ méjì tí wọ́n jókòó sínú yàrá kan náà, tí iṣẹ́ wọn dọ́gba, tí ọ̀kan ń sùn dáadáa tí ìkejì ń ka oṣù, kìkì nítorí ọjọ́ tí kálukú wọlé.

Ọ̀rọ̀ 11,904 yúrò wá kù. Yunifásítì kọ́ ló ń gba owó yẹn, ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n pé kí ọkàn wọn balẹ̀ lórí èyí. Àkáǹtì kan ni, Sperrkonto ni wọ́n ń pè é, tí wàá kó owó ara rẹ sí ní báńkì, tí wọn á sì jẹ́ kí o máa yọ 992 yúrò nínú rẹ̀ lóṣù fún ọdún kan. Ìjọba ló ń bèèrè rẹ̀ kó lè dá a lójú pé o ní ohun tí wàá máa jẹ. Ẹni tó bá ní ìwé àdéhùn iṣẹ́ tàbí ìwé sikọ́láṣíìpù tó tó iye yẹn kò nílò rẹ̀, ìwé yẹn ló máa gbé lọ. Ibi tó ti ń dun ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé ọdún kan péré ni owó náà dúró fún, nígbà tí oyè ọ̀mọ̀wé kì í pé ọdún kan. Nígbà tó bá kan kí o tún ìwé ìgbé ṣe, wọ́n á tún bèèrè ẹ̀rí. Òfin gba akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti ṣiṣẹ́ fún 140 ọjọ́ kíkún lọ́dún, àwọn kan sì ń fi ìyẹn gbé ara wọn. Mo ti rí àwọn tó ṣe é já. Mo tún ti rí àwọn tí iṣẹ́ alẹ́ gba ìwádìí mọ́ lọ́wọ́ títí tí alábòójútó wọn fi dẹ́kun ìdáhùn lẹ́tà wọn. Èmi kì í gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti yá owó Sperrkonto kó wá lọ bẹ̀rẹ̀ oyè ọ̀mọ̀wé pẹ̀lú ìrètí pé owó á yọjú lọ́nà.

Àwọn kan á sọ fún ọ pé kí o kọ́kọ́ lọ ná, pé bó o bá ti débẹ̀ ni wàá máa wá sikọ́láṣíìpù. Ìmọ̀ràn yìí lè sé ilẹ̀kùn mọ́ ọ. DAAD, àjọ Jámánì tó ń fún akẹ́kọ̀ọ́ òkè òkun ní sikọ́láṣíìpù, máa ń wò ó bóyá ẹni tó ń bèèrè ti gbé ní Jámánì ju oṣù márùndínlógún lọ nígbà tó ń bèèrè. Àwọn Doctoral Networks, ìyẹn ètò oyè ọ̀mọ̀wé tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ jọ ń ṣe, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ń náwó sí lábẹ́ orúkọ Marie Skłodowska-Curie tún le jù bẹ́ẹ̀: bí o bá ti gbé tàbí ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè kan ju oṣù méjìlá lọ nínú oṣù mẹ́rìndínlógójì tó ṣáájú, wọn kò lè gbà ọ́ síṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè yẹn. Ìwọ tí o wà nílé yìí yẹ fún méjèèjì lórí ọ̀rọ̀ ibùgbé. Lẹ́yìn ọdún kan àbọ̀ tó o bá ti fi owó ara rẹ gbé lọ́hùn-ún, ó ṣeé ṣe kó o má yẹ fún ìkankan wọn ní Jámánì mọ́. Doctoral Networks sì wà lára ètò oyè ọ̀mọ̀wé tó dára jù lọ tí mo mọ̀, torí pé nínú wọn, ipò kọ̀ọ̀kan ló ní owó tirẹ̀ àti àdéhùn iṣẹ́ látìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìtìlẹ́yìn tó so mọ́ àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú Jámánì náà ń ran àlejò lọ́wọ́, àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn fẹ́ kéèyàn gbọ́ èdè wọn dáadáa.

Ní ti iṣẹ́ tí ọ̀jọ̀gbọ́n kejì fi lọ̀ ọ́, má ṣe fojú kéré rẹ̀ nítorí ìdá 65 yẹn. Òṣìṣẹ́ yunifásítì ni wàá jẹ́. Ìwọ̀n owó oṣù tí wọ́n ń pè ní TV-L E13 ni wọ́n ń lò ní gbogbo ìpínlẹ̀ àyàfi Hessen, tó ní TV-H tirẹ̀. Láti oṣù kejì ọdún 2025, odindi E13 fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ti lé ní 4,600 yúrò lóṣù kí wọ́n tó yọ owó orí, ìdá 65 rẹ̀ sì tó nǹkan bí 3,000. Owó orí àti ìbánigbófò á gbé lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n yunifásítì á máa san nǹkan bí ìdajì owó ìlera rẹ, wọ́n á máa fi owó sí ìfẹ̀yìntì rẹ, bí àdéhùn bá sì tán kí o tó rí iṣẹ́ mìíràn, o ti sanwó ìbánigbófò àìríṣẹ́ṣe tó lè mú ọ dúró fún ìgbà díẹ̀. Bí o bá bímọ, òfin òṣìṣẹ́ dáàbò bò ọ́. Sikọ́láṣíìpù kì í sábà ní èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí. Wọn kì í sábà yọ owó orí lára rẹ̀, nítorí náà ó máa ń dà bíi pé ó pọ̀, àmọ́ nínú ọ̀pọ̀ wọn ìwọ ni wàá dá ru gbogbo owó ìlera. Àwùjọ Max Planck pàápàá, àjọ ìwádìí ńlá kan ní Jámánì, tí wọ́n ti ń ṣe àwọn iléèwé ìwádìí tiwọn láti 2000, kúrò nínú sikọ́láṣíìpù ní 2015, wọ́n sì ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ní àdéhùn tó ní ìbánigbófò nínú. Ariwo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà lára ohun tó fà á.

Àbùkù iṣẹ́ náà wà o. Ìdá 65 tí wọ́n kọ sínú ìwé kì í ṣe ìdá 65 lójú ayé. Wàá ṣe iṣẹ́ odindi ọ̀sẹ̀, torí wọ́n ka ìwé tìrẹ tí ò ń kọ sí ti ara rẹ. Iye ìdá yìí ń yàtọ̀ láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka: àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ àti kọ̀ǹpútà sábà máa ń gba odindi, torí bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni á gbà wọ́n lọ, àwọn onímọ̀ ìtàn àti lítíréṣọ̀ sì ń ṣe ìdajì. Bí ipò náà bá wá látinú owó ìjọba ìpínlẹ̀, wọ́n á retí kí o máa kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Bó bá wá látinú iṣẹ́ ìwádìí kan tí ọ̀jọ̀gbọ́n lọ bèèrè owó fún, kókó ìwádìí rẹ ti wà nínú ìwé ìbéèrè yẹn kí wọ́n tó mọ orúkọ rẹ. Èyí tó sì wúwo jù ni ohun tí wọ́n torí rẹ̀ dá graduate school sílẹ̀: ẹni tó ń buwọ́ lu owó oṣù rẹ ni yóò tún fún ìwé rẹ ní máàkì. Bí nǹkan bá yí, o kò kàn ní pàdánù alábòójútó, iṣẹ́ náà lè bọ́.

Ọdún mẹ́ta náà kúrú. Mi ò fẹ́ fi èyí pa mọ́ fún ọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í parí láàárín ọdún mẹ́ta, àti nínú ètò, àti lóde ètò. Ọdún kẹrin ni wọ́n ń kọ ìwé, ìgbà yẹn gan-an sì ni owó máa ń tán. Òfin WissZeitVG gba yunifásítì láyè láti fún èèyàn ní àdéhùn onígbà díẹ̀ fún ọdún mẹ́fà kó tó gba oyè ọ̀mọ̀wé, ó sì fi ọdún méjì kún un fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tí òbí ń tọ́. Nítorí náà òfin kọ́ ló ń dá wọn dúró láti fi ọdún kẹrin kún un, owó ni. Àwọn yunifásítì kan ní owó ìparí kékeré, oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, fún ẹni tó ku díẹ̀ fún. Ó dára kéèyàn mọ̀ nípa rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, torí kì í pọ̀, àwọn tó tètè bèèrè ló ń rí i.

Èwo ni kí o mú? Mi ò rí lẹ́tà méjèèjì, mi ò sì mọ kókó ìwádìí rẹ, nítorí náà gbọ́ èyí bí èrò ẹnì kan. Tí ó bá jẹ́ pé ohun tó wà nílẹ̀ ni ìwé ìgbàwọlé láìsí owó ní ọwọ́ kan, àti àdéhùn iṣẹ́ ọdún mẹ́ta ní ọwọ́ kejì, èmi á mú iṣẹ́ náà, àyàfi tí kókó ìwádìí ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn bá jìnnà pátápátá sí ohun tó o fẹ́ fi ọjọ́ ayé rẹ ṣe. Ṣùgbọ́n kí ló dé tó o fi gbà pé o gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan nínú méjèèjì? Wíwà lábẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kan kò sọ pé o kò lè wọ graduate school ní yunifásítì tirẹ̀ náà. Ọ̀pọ̀ ibi ló ti wà fún gbogbo èèyàn báyìí. Ní Technical University of Munich, bí àpẹẹrẹ, TUM Graduate School tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2009 wà fún gbogbo ẹni tó ń ṣe oyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì náà, ibi yòówù kí owó oṣù rẹ̀ ti wá. Bí irú rẹ̀ bá wà níbi tí ọ̀jọ̀gbọ́n yìí wà, wàá gba owó oṣù lọ́dọ̀ rẹ̀, wàá sì gba alábòójútó kejì, kíláàsì àti àdéhùn ìtọ́nisọ́nà lọ́dọ̀ graduate school. Nínú èrò tèmi, alábòójútó kejì yẹn, tí kò sí lábẹ́ ọ̀gá rẹ, ni ohun tó níye lórí jù lọ nínú gbogbo ohun tí graduate school ń fúnni. Kíláàsì bí a ti ń kọ ìwé, o lè rí ìyẹn níbi púpọ̀.

Má tíì kọ graduate school àkọ́kọ́ náà sílẹ̀. Kọ̀wé sí alákòóso wọn, má kọ ọ́ sí ọ̀jọ̀gbọ́n, torí alákòóso ló mọ ibi tí owó wà. Bi í léèrè bóyá ipò tó ní owó oṣù ṣì ṣófo nínú ètò náà, tàbí bóyá ìgbà kan ń bọ̀ tí wọ́n máa kéde rẹ̀, kí o sì bèèrè ọjọ́ tí ìpele ìnáwó wọn yìí máa parí. Bi í pé nínú àwọn tó wọlé láìní owó lọ́dún méjì sẹ́yìn, báwo ni wọ́n ṣe ń gbé ara wọn báyìí. Bèèrè bóyá ètò náà lè fi orúkọ rẹ sílẹ̀ fún sikọ́láṣíìpù DAAD, torí àwọn ètò kan wà tí DAAD ń fún ní ààyè láti yan akẹ́kọ̀ọ́ láti òkè òkun fúnra wọn. Àwọn alákòóso kì í bínú sí irú ìbéèrè yìí. Àwa la máa ń kàgbákò ẹ̀ tí wọn kò bá bèèrè, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá wọ ọ́fíìsì ní oṣù kẹwàá tó wá sọ pé owó òun ti tán. Lọ́wọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kejì, bèèrè ibi tí owó ipò náà ti ń wá àti ọjọ́ tó máa tán, iye wákàtí tí wàá fi máa kọ́ni, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ rí lẹ́yìn ọdún kẹta, àti bóyá o lè wọ graduate school yunifásítì wọn. Kọ̀wé sí ẹnì kan tàbí méjì nínú àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ báyìí pẹ̀lú. Tí wọ́n bá ń fi ọgbọ́n dá ọ lóhùn, tí wọn kò sọ rere tí wọn kò sọ búburú, o ti gbọ́ nǹkan kan nìyẹn.

Ó kù síbì kan tí o kò bèèrè, àmọ́ tí mo mọ̀ pé ó wà lọ́kàn rẹ: ṣé kí o jẹ́ kí ọ̀jọ̀gbọ́n yìí mọ̀ pé graduate school kan ti gbà ọ́ pẹ̀lú? Sọ fún un. Ní Jámánì wọn kò kà á sí àrífín kéèyàn ní ibi méjì lọ́wọ́, níwọ̀n bí ọjọ́ tí wọ́n dá fún ìdáhùn kò bá tíì kọjá. Sọ fún un pé ò ń dúró de èsì lórí ọ̀rọ̀ owó láti ibòmíràn, kí o sọ ọjọ́ tí wàá fi dá a lóhùn, kí o sì dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Nínú lẹ́tà yẹn kan náà ni kí o ti bèèrè bóyá ìdá 65 náà lè di 75. Nígbà mìíràn owó náà wà níbẹ̀, wọn kò kàn fi lọni ni.